Ìwà Tútù Kò Ní Ká Má Kọ̀

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo gbé dàgbà, nítorí bàbá mi ti kú. Ẹja yíyan ni ìyá àgbà ń tà ní Ọjà Olúwo. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá rántí rẹ̀, yóò ní oníwà tútù ni. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ wà ní ẹ̀sítéètì Ìkòròdú yìí, tí gbogbo nǹkan ń jẹ́ "kúùlù" lẹ́nu yín, ẹ fetí sílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá rọra fẹ́, ẹ ní ó kúùlù. Bàtà tuntun, kúùlù. Ẹ ṣàdéhùn lórí fóònù alágbèéká yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ tún ní kúùlù. Ìyẹn ò bí mi nínú. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé bí wọ́n bá rẹ́ obìnrin jẹ tó sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ ní kó jẹ́ kúùlù, ìyẹn ni pé kó panu mọ́. Mi ò gbà.

Àmù ńlá kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí a rì dé ìdajì sínú yanrìn. Omi rẹ̀ máa ń tutù nini. Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó bá gbé ìbínú wọlé, àgbà o, ọmọdé o, kò gbọdọ̀ ro ẹjọ́ kankan àfi tó bá kọ́kọ́ jókòó mumi níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá láti Ìkòròdú. Ó mumi tán, ó ní ìwé tí mo kà ti tó, ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun fẹ́ mú mi lọ kí n máa bá a pọn ọmọ. Ìyá àgbà ní òun yóò rò ó, ó sì di ẹja fún un lọ sílé. Nítorí kò pariwo, ọkùnrin náà gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Nígbà tó yá, ó gbé ọkọ̀ wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni. Ìyá àgbà bu omi fún un, ó mu ún.

"Àna mi, ẹ ṣeun tí ẹ rántí ọmọ," ni ìyá àgbà wí. "Kò ní bá yín lọ."

Ọkùnrin náà bú ramúramù. Ó ní ọmọ àwọn ni mí, pé lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bàbá mi kò ní yọjú.

"Oúnjẹ yín níbi ìgbéyàwó náà ò ní ṣòfò, a ó bá yín jẹ ẹ́. Ilé ìwé ni ọmọ yìí ń lọ lọ́la."

Ohùn ìyá àgbà kò ga ju bí ó ṣe ń kí oníbàárà lọ. Ó tún bu omi síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ta ife náà nù, ó bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Inú mi dùn púpọ̀.

Ayé ti yí padà. Fíríìjì ti gba ipò àmù. Ẹni tó bá lè pariwo jù ni a ń pè ní akíkanjú. Ẹni tó bá rọra sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó ti gbà. Ẹ má dán an wò lọ́dọ̀ tèmi. Èmi ò pariwo rí, mi ò sì gba ìgbàkugbà rí.

Lóòótọ́, ẹbí bàbá mi ò wá síbi ìgbéyàwó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti di olùkọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí kan náà fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí kíláàsì mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó bojú wolẹ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọmọ òun kúrò nílé ìwé.

"Mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni, sà," ni mo wí, "títí kan ẹ̀yin náà."