Àwòrán Tí Gbójúsókè Sọ Di Kékeré

Gbójúsókè là ń pe ayàwòrán àdúgbò wa, nítorí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há débi pé bí ènìyàn bá sín níbẹ̀, ògiri á ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, etí mi yìí ló gbọ́ ọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kún bámúbámú, ó sọ gbogbo àwòrán àtijọ́ di kékeré, ó sì fi kékeré rọ́pò ńlá. Lójú tirẹ̀, bí aṣọ tí a ká ni. Ọjọ́ tó bá wù wá, a ó tú u.

Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ gbá ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí aránṣọ òdìkejì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí. Ọmọ kú, fóònù rẹ̀ fọ́ yángá. Àwòrán tó yà lọ́dọ̀ Gbójúsókè nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ ojú ń fọ́ bàbá rẹ̀ lọ, dókítà sì ti ní kò sí àtúnṣe.

Ìyá ọmọ wá. "Bùọ̀dá, ẹ bá mi ṣe é kó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ọkọ mi fẹ́ rí i kí ojú rẹ̀ tó ṣú pátápátá."

Gbójúsókè fẹ àwòrán náà. Ojú ọmọ di igun mẹ́rin mẹ́rin, bí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ táìsì sí.

Èmi àgbà tí mo jókòó tì í ní, "Ṣé kò sí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tó máa padà sí ti tẹ́lẹ̀ ni?"

"Bàbá, àmì tíntìntín ló ń di àwòrán, bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹẹrẹ. Èmi ni mo da èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nù. Ẹ da omi sí ọbẹ̀, ṣé ẹran á pọ̀ sí i?"

Ó ní kí ẹ̀rọ fi òye ara rẹ̀ kún àlàfo àwọn àmì tó sọnù. Ẹ̀rọ gbé ọmọge arẹwà kan jáde, eyín ẹlẹ́yín lẹ́nu rẹ̀. Ó pa á rẹ́ kíákíá, ó tẹ àwòrán onígun mẹ́rin náà jáde, a sì jọ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ.

Ìyá ọmọ dì í mú, ó wò ó títí. "Ojú ọmọ mi dà?"

Ayàwòrán dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àkísà aṣọ. Ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe.

"Nínú gbogbo ẹ̀rọ yẹn," obìnrin náà ní, "ṣé ọmọ tèmi ló gba àyè jù?"

Bàbá ọmọ sọ̀rọ̀ láti ìdí máṣíìnì lọ́hùn-ún. "Gbé e sókè díẹ̀." Ojú rẹ̀ tó ti di bàìbàì pò gbogbo igun náà pọ̀. "Háà! Òun nìyí! Wò ó bó ṣe ń fẹ́ rẹ́rìn-ín!"

"Níbo?"

"Ìwọ tí ojú rẹ ríran!"

Àràárọ̀ ni obìnrin náà ń gbé e sókè fún ọkọ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń wo táìsì. Nígbà tí ojú ọkùnrin náà ṣú tán, kò sí ẹni tó rí ọmọ náà mọ́ nínú ilé yẹn.