Ọkùnrin Tó Ní Kí Wọ́n Wọn Ìwọ̀n

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Oníwọ̀n tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tó ní kí wọ́n wọn ìwọ̀n. Ìdíje ẹja pípa ni. Òun pa àrọ̀ kan tó sanra bí apá ọkùnrin. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ náà pa tirẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja gbé ẹja méjèèjì lé ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú gbogbo èèyàn, ó sì kéde pé ti onígbàjámọ̀ fi díẹ̀ wúwo ju ti télọ̀ lọ. Télọ̀ ni Bàbá Oníwọ̀n. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àfi tó bá ń wẹ̀.

"Ìwọ̀n yẹn ń parọ́," ó ní.

"Bàbá, ìwọ̀n kì í parọ́ o," akọ̀wé dá a lóhùn.

"Ta ló sọ fún ọ? Ìgbà wo ni wọ́n wọn òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀yìn? Ẹ wọn ìwọ̀n náà!"

A rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ó jókòó ti ìwọ̀n, ó ní ife ẹ̀yẹ ò ní kúrò níbẹ̀. Nígbà tí òòrùn pa wá dé ibi tó yẹ, akọ̀wé ní kí wọ́n lọ yá ìwọ̀n ńlá kan wá ní ilé-ìwòsàn kékeré tó wà lókè odò, irú èyí tí èèyàn máa ń dúró lé. Wọ́n gbé ìwọ̀n kékeré lé ìwọ̀n ńlá. Bàbá Oníwọ̀n wò ó títí, ó ní, "Ìwọ̀n ńlá yìí ńkọ́, ta ló wọn òun?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Ara mi ni màá fi dán an wò. Kílò méjìdínláàádọ́rin ni mí láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Mi ò lé, mi ò dín."

Ó gùn ún. Ọwọ́ ìwọ̀n sáré kọjá ibẹ̀, kò dúró títí ó fi dé mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

"Ẹ rí i?" ó pariwo. "Òpùrọ́ ni àwọn méjèèjì!"

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń jókòó. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá wọn, ìwọ̀n ò parọ́. Èmi tí mò ń se oúnjẹ ni kí ẹ bi."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. Akọ̀wé fi ìwé bojú. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá ń rú ará àdúgbò wa lójú, ohun tí a máa ń sọ ni pé, "Ẹ bi ẹni tó ń se oúnjẹ."

Ohun tí a kì í sọ mọ́ ìtàn náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, Bàbá Oníwọ̀n sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Láti òní lọ, máa dúró sílé. O ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́ mi." Obìnrin náà gbé àpótí rẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọdún mọ́kànlá gbáko ni kò sì fi ẹsẹ̀ kan etí odò. Gbogbo ọdún tí àwa fi ń rẹ́rìn-ín yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí náà wà.

Bẹ́ẹ̀ etí odò yẹn ni ìfẹ́ wọn ti gbilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ayé, yàrá kan ni wọ́n ní lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló sì wà níwájú. Bí oníbàárà ò bá yọjú lọ́sàn-án, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ bíríkì. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló fi ṣe ìwọ̀ àkọ́kọ́. Ó yan án lórí iná àbẹ́là, ó tẹ̀ ẹ́, ó so okùn mọ́ ọn. Ìwọ̀ náà ò ní ẹ̀gún lẹ́nu, ẹja tó bá fẹ́ lọ á bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ á wà lọ́tùn-ún, á máa sọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ aládùúgbò, ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ní ikùn òun kò yọ. Bí ẹja bá jẹ, wọ́n á jẹ ẹja. Bí kò bá jẹ, wọ́n ti gbádùn ara wọn.

Bàbá Oníwọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é nígbà yẹn, nítorí ìwọ̀ tí kì í jìnnà sí i. Kò sí lẹ́tà N kankan ní ìdí orúkọ náà. Ọ̀fìnkìn ló gbé N wá. Ó fẹ́ pátákó tuntun fún ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí imú rẹ̀ ń ṣe é ló sì lọ bá ọkùnrin tó ń kọ pátákó. Ó ránmú sọ ohun tó fẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé pátákó dé, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, BÀBÁ ONÍWỌ̀N ló wà níbẹ̀.

"Kí ni N ń wá níbí?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mo gbọ́ N lẹ́nu yín."

"Imú mi lo ti gbọ́ ọ!"

"Ṣé ẹlòmíràn ló ni imú ni?"

Wọn ì bá tún un kọ, àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ apẹja bẹ̀rẹ̀ ìdíje, télọ̀ wa sì gba ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́. Ó gbé ife náà dé abẹ́ pátákó, ó gbójú sókè wò ó. Ó ní oníwọ̀ pọ̀ nínú ayé, oníwọ̀n ò wọ́pọ̀. Bí N ṣe dúró nìyẹn. Òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ orúkọ rẹ̀.

Ó rán ẹ̀wù kan tó ní àpò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò kẹrìnlá ni ti ekòló. Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ báńkì kan já wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òun ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò tuntun níwájú ọ̀gá òun láti mú bírò, ekòló ni òun fà yọ.

"Àpò wo ni?" Bàbá Oníwọ̀n bi í.

"Àpò ọ̀tún!"

"Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń wá a láti àná."

A rẹ́rìn-ín ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó sílé, ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í korò. Obìnrin náà ṣàìsàn lọ́dún kan, ó ní, "Bàbá wọn, ara mi wúwo." Ọkọ rẹ̀ tó ń pọ́n ìwọ̀ lójú fèrèsé dáhùn láìbojú wẹ̀yìn, "Ó tó kílò mélòó?" Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa nígbà tó yá. Ó ní òun kọjú sí ògiri ni.

Ife ẹ̀yẹ di mẹ́sàn-án lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó rẹ̀ ló ń nù wọ́n ní àràárọ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ife ẹ̀yẹ ni Bàbá Oníwọ̀n ń rù délé ní tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Òjò ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí nǹkan yí padà. Ìdíje ọdún kọkànlá tí ìyàwó rẹ̀ ti jókòó sílé ni. Ẹja tó fà jáde lọ́jọ́ yẹn, onígbàjámọ̀ búra fún wa pé òun ò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Oníwọ̀n gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yíjú sí ọ̀tún, ó pariwo, "Ìyá wọn, wá wo nǹkan!"

Koríko ló wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ wà ní ọ̀ọ́kán, ó nàgà, ó ní, "Kílò mélòó?"

Ó dúró pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, òjò ń pa á. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé o mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mi ò gbádùn èyí mọ́?"

"Kí lo wá ń ṣe níbí láti ọjọ́ yìí?"

"Mo ń borí rẹ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó dá ẹja padà sínú odò. Onígbàjámọ̀ figbe ta, ó ní kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun, ta ni òun máa wá bá díje? Nígbà tó kan Bàbá Oníwọ̀n, ó gbé agbọ̀n òfìfo lé ìwọ̀n.

"Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀," akọ̀wé sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí ó rò pé orí bàbá ti dàrú.

"Wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀."

"Òdo ni."

"Lónìí," Bàbá Oníwọ̀n ní, "ìwọ̀n yín ò parọ́."

Ó gba ilé lọ nínú ẹ̀wù tútù. Ìyàwó rẹ̀ ń gán bọ́tìnì sí ẹ̀wù oníbàárà nínú yàrá. Ọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ó rá pálá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń wá lábẹ́ ibẹ̀?"

"Àpótí rẹ."

Ó fà á jáde. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Obìnrin náà wo àpótí, ó wo ọkọ rẹ̀, kò yọ abẹ́rẹ́ lára aṣọ.

"Ọdún mọ́kànlá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí orúnkún mi gbó tán kí ẹ tó rántí mi. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò yẹn mọ́."

Ọkùnrin tó ní èsì fún gbogbo ayé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo fi ara mi ṣe é."

Obìnrin náà gán bọ́tìnì náà tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màá máa sọ̀rọ̀ o."

"Máa sọ̀rọ̀."

"Màá rẹ́rìn-ín."

"Rẹ́rìn-ín."

"Ẹja á sá."

"Kó máa lọ!"

Bàbá Oníwọ̀n tún ẹsẹ̀ àpótí ṣe. Ó tú ẹ̀wù alápò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó rán an pọ̀ di okùn gígùn kan, ó sì so ó mọ́ igi láti òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dé etí odò, kí ìyàwó rẹ̀ lè máa dì í mú sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí obìnrin náà ti dúró sinmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni kẹrìnlá, ti àpò ekòló. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, onígbàjámọ̀ ní òun gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù òun.

Ọdún méjì ni wọ́n rí lò. Ìwọ̀ alábẹ́rẹ́ ló padà sí. Ẹja ń jẹ, ẹja ń lọ. Bí a bá pàdé wọn lọ́nà ilé tí a bi í pé báwo ni ẹja òní ṣe tóbi tó, á ní, "Ó tó ẹja." Ọdún méjì ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́kànlá. Òun náà mọ̀. Ó sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ pé ìṣirò kan ṣoṣo tó ń dun òun nìyẹn.

Nígbà tí àìsàn dé, ara rẹ̀ gbẹ kíákíá. Nọ́ọ̀sì ní kó gun ìwọ̀n, ó kọ̀.

"Bàbá, a gbọ́dọ̀ mọ iye tí ẹ wọ̀n."

"Bi ẹni tó ń se oúnjẹ," ó ní, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Obìnrin náà ò lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí ọkọ òun ti fọwọ́ kan oúnjẹ gbẹ̀yìn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tó fi dákẹ́.

Ọkùnrin tó ń kọ pátákó, tó ti darúgbó báyìí, ló ní òun máa kọ òkúta ojú oórì lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ náà sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ó wá pe opó náà kó wá wò ó. Àwa mélòó kan bá a lọ. Obìnrin náà nawọ́ sí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn.

"Yọ N kúrò," ó ní.

Ojú ti ọkùnrin náà. Ó fi àkísà nu N. Ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Ìyá, kò ṣe déédéé mọ́. Àlàfo ti wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kí ni ká fi síbẹ̀?"

"Má fi nǹkan kan síbẹ̀," obìnrin náà ní. "Ibi tí mo máa ń jókòó nìyẹn."