Ta Ló Ń Jẹ́ Adirinmú?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí bàbá arúgbó tí wọ́n ń pè ní Atukọ̀ kà sí èèyàn gidi, ẹ wo ọwọ́ onítọ̀hún nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti di ẹni yẹ̀yẹ́ nìyẹn. "Adirinmú" ni bàbá yóò pè é, ì báà jẹ́ onílé. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí bàbá ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́, ọmọ tuntun tí ìgbì bá dẹ́rù bà, tó wá rọ̀ mọ́ irin etí ọkọ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Á máa jẹ́ ẹ títí ojo mìíràn yóò fi dé.

Bàbá kò jẹ́ orúkọ náà rí, ìyẹn ló sì fi ń yangàn. Àmọ́ ara ti di ara àgbà, orúnkún kò gbọ́ràn mọ́, ó sì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, onídìrí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní ìsàlẹ̀ ilé, ní kí ọkọ òun tó jẹ́ wẹ́dà jó irin tuntun mọ́ àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà jó o, ó kùn ún lọ́dà, ó ń dán gbinrin. Bàbá kò tiẹ̀ bojú wò ó. Ọwọ́ méjèèjì á wà lẹ́yìn rẹ̀, á máa fi agídí sọ̀ kalẹ̀, àyà ọmọ rẹ̀ á sì máa já.

Nígbà tó tún fẹsẹ̀ kọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó fìdí jókòó lójijì lórí àtẹ̀gùn, ọmọ rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí kò bá ní di irin mú, ibùsùn rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí kò ti sí nǹkan kan láti wò ju ògiri lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá dé egungun. Láti ojú fèrèsé òkè ló ti ń rí àwọn ọkọ̀ tó ń wọlé sí èbúté, ohun tó ń mú un jí láàárọ̀ nìyẹn.

Àna rẹ̀, tó ti ń jẹ́ Adirinmú láti ọjọ́ tó ti wá tọrọ ìyàwó, bi bàbá léèrè níbi tó ṣì jókòó sí pé ta tiẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ èébú yìí. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọ̀gá ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ẹni tó bá di irin mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù tó lè fi fa okùn, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ni ọ̀gá ń fẹ́. Ni wọ́n bá fún un lórúkọ, kí ojú lè tì í, kó lè jọ̀wọ́ irin. Àwọn tó jọ̀wọ́ rẹ̀ tí omi gbé lọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fún ìyẹn lórúkọ kankan.



Ọmọ rẹ̀ ṣì mú òòyà lọ́wọ́. "Bàbá, ọ̀gá wo lẹ wá ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́ fún nínú ilé yìí?"

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí. Ó nawọ́, ó di irin náà mú, ó fi fa ara rẹ̀ dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè díẹ̀díẹ̀ láìwẹ̀yìn.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí," ó ní. "Irin etí ọkọ̀ ni mò ń wò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú ló ń tì mí láti dì í mú."