Ọjọ́ Tí Àǹtí Kẹ́mísírì Di Òjìji

Títí dòní, bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ bá gbé ọmọ tiwọn pọ̀n wá kí Àǹtí Kẹ́mísírì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn náà ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀.

Ó ṣì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà náà, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa ṣáájú rẹ̀ wọ kíláàsì. Wọ́n ṣì ń dán an wò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bó bá kọ́ni dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó di tíṣà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó dilé. Ọ̀gá àgbà iléèwé ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ká apá mọ́ àyà.

Ohun tí Àǹtí fẹ́ kọ́ wọn ò le: kéèyàn tó lè sọ irú èròjà kan lórúkọ, ó gbọ́dọ̀ mọ èwo lẹ̀gbọ́n nínú àwọn ẹgbẹ́ átọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun èlò. Ló bá gba okùn bàtà lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, ó so mẹ́rin mẹ́rin mọ́ bẹ́líìtì ọmọbìnrin méjì. Àwọn ni kábọ́ọ̀nù. Ó so okùn kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó wá fi àwọn ọmọ mìíràn ṣe ọ́síjìn àti háídírójìn. Lọ́dọ̀ èkíní, ọ́síjìn kan ṣoṣo di okùn méjì mú, háídírójìn di ọ̀kan. Lọ́dọ̀ èkejì, ọ́síjìn di ẹyọ kan, háídírójìn méjì pín ìyókù.

"Ó yá, èwo lẹ̀gbọ́n?"

"Èkejì ni, Àǹtí," ni ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi wí. "Àwọn tó di okùn tiẹ̀ mú ló pọ̀ jù."

"Ṣé iye èèyàn la ń kà ni? Ipò la ń wò, a óò sì fi wọ́n wéra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ́síjìn lẹ̀gbọ́n, háídírójìn ni àbíkẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó bá sì fi okùn méjì so mọ́ kábọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ̀mejì la máa kà á. Òjìji rẹ̀ á dúró tì í."

"Òjìji ọ̀hún dà? Àwa ò kúkú rí nǹkan kan."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí gbójú wo ẹ̀yìn kíláàsì. Ọ̀gá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ dúró ti ọ́síjìn olókùn méjì yẹn, ó gba okùn kejì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni òjìji. Ó yá, kà á."

"Àǹtí, òjìji yìí mà ga ju ẹni tó ni ín lọ."

"Ọjọ́ ti rọ̀ ni. Òjìji a máa gùn nírọ̀lẹ́. Kà á jàre."

Ẹnu-ò-sinmi fìka kà á. "Ọ́síjìn pàdé ọ́síjìn, ọ̀mì. Òjìji ọ́síjìn wá pàdé háídírójìn... ẹ̀n-ẹ́n. Èkíní lẹ̀gbọ́n."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Tíṣà, ẹ dá okùn bàtà àwọn ọmọ padà kí wọ́n má lọ ṣubú sí mi lọ́rùn. Ẹ tètè dé lọ́jọ́ Ajé, kíláàsì kejì náà ń dúró dè yín."

Ó jáde. Àwọn ọmọ ti ń du okùn bàtà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí ṣì dúró síbẹ̀, ó di tirẹ̀ mú ṣinṣin.