Bí Mo Ṣe Tún Ìkúnlẹ̀ Kọ́

Ìgbà kẹta tí mo kí ìyá mi lórí ìdúró ní Kambolé, ìlú wa, ló gbójú kúrò lára mi. "Ṣé Sokodé ti sọ ọ́ di madame ni?" Kò sí egbò lára mi, àmọ́ gbogbo ara ló ń dùn mí, bí mo bá sì kúnlẹ̀, mi ò lè dìde àfi tí wọ́n bá fà mí. Mo padà sí yàrá mi ní Kouloundè, ládùúgbò kan ní Sokodé, níbi tí mo ti ń ránṣọ, mo sunkún títí. Aláìsàn tí kò légbò, ta ni yóò bá a kẹ́dùn?

Dókítà ló sọ orúkọ àìsàn náà fún mi: fibromyalgie. Ó ní kí n máa wá sílé ìwòsàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n fi eré ìdárayá dá okun mi padà díẹ̀díẹ̀. Kiné, ìyẹn olùkọ́ eré ìdárayá tó ń darí wa, obìnrin Kotokoli kan, ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́fà rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà láìdúró. Ó dára! Àwọn àgbà tó ń retí dókítà jókòó sábẹ́ igi. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń dúró, tí mò ń tẹríba, tí mò ń bèèrè ará ilé.

"Madame, on marche!" Kiné ní ìrìn la wá rìn, a ò wá kí èèyàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọjá lára wọn bí ẹni tí kò nílé. Ẹsẹ̀ mi yá sí i, ọkàn mi bàjẹ́. Èmi tí mò ń wá okun kí n lè kí ìyá mi, àìkíni ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ mi. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún kiné. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n dìde, lẹ́ẹ̀mejì péré, kí n sinmi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Mò ń ṣe é nílé náà. Orí àga ni mo ti ń kírun látìgbà tí àìsàn náà ti dé, nítorí náà nígbà tí obìnrin yàrá kejì gbọ́ ìró orúnkún mi, ó ké láti ẹ̀yìn ògiri: "Ìrun wo lò ń kí ní agogo mẹ́wàá àárọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kò sí ará ilé kankan tó bèèrè àlàáfíà mi.

Nígbà tí mo gba Tchamba lọ sí Kambolé, ìyá mi ti gbọ́ lẹ́nu èrò Sokodé pé àìsàn ni kò jẹ́ kí n máa kúnlẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú.

"Rárá, má kúnlẹ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀, Ìyá."

Mo kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àdúrà ìyá kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Orúnkún ń ro mí. Ìrora náà kò kúkú lọ. Mo ṣe àmín tó kẹ́yìn, mo dìde fúnra mi. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti nà sí mi, tí kò tíì ká a kò. Mo dì í mú.