Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Gba Iwájú Wọlé

Òórùn áńkárá tuntun ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọjà ìyá mi ni, ó tò ó ga dé àjà nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní Treichville, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ọjọ́ tó ṣáájú la kó kúrò ní Riviera, àdúgbò àwọn olówó, níbi tí ìyá mi ti fi ọdún mẹ́sàn-án dáná fún màdáàmù kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lèmi náà. Ẹ̀yìn ilé yẹn ni mo dàgbà sí, a ò sì gbọdọ̀ gba iwájú kọjá. Bí màdáàmù ò bá fẹ́, ìyá mi ò ní lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. "Petite", ìyẹn ọmọ kékeré, ló máa ń pè é, odidi abiyamọ! Ṣùgbọ́n ìyá mi ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ lọ́jà báyìí, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Àfi bó ṣe ní ká múra, ká lọ dúpẹ́ àná lọ́wọ́ màdáàmù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: "Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

"Màmá, mi ò fẹ́ gba òmíràn lọ́wọ́ wọn!" Mo bú sẹ́kún. Màdáàmù mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ, mo sì gbà pé bí a bá fi lè padà débẹ̀, a ò ní jáde mọ́.

A ṣáà lọ. Ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ Tàǹtí Rakẹ́lì, ìyá àgbà Júù tó ń gbé ilé kejì sí ti màdáàmù, tó kọ́ mi níwèé kíkà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń pa mí lẹ́kún, ó ṣí Ìwé Mímọ́ rẹ̀.

"Wọ́n fi àwọn baba wa ṣẹrú ní Íjíbítì, wọ́n ju àwọn ọmọkùnrin wa sódò. Síbẹ̀ Ọlọ́run ní ká má kórìíra ará Íjíbítì, torí ilẹ̀ wọn la sá lọ nígbà ìyàn. Àwọn àgbà wa ní ìyà yẹn ò pa oore yẹn rẹ́."

"Oore wo ni màdáàmù ṣe?"

"Nígbà tí ìyá rẹ pọ̀n ọ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló fẹ́ gba abiyamọ síṣẹ́? Òun nìkan ló ṣílẹ̀kùn. Ìbẹ̀rù ló ń mú ẹrú dúpẹ́, ọmọ mi; ẹni tó ti gbòmìnira ló ń fúnra rẹ̀ yàn láti dúpẹ́. Ìyá rẹ ò bẹ̀rù mọ́, ló ṣe lọ."

Mo sáré sójú fèrèsé. Ìyá mi ò yà sẹ́yìn ilé. Iwájú ló lọ, ó tẹ aago, màdáàmù fúnra rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni ilẹ̀kùn tún ṣí, mo sì gbọ́ ohùn màdáàmù ketekete, tó ń kí ìyá mi pé ó dàbọ̀: "Au revoir, madame Àbẹ̀kẹ́."

Madame! Mo pariwo, mo sáré jáde, mo so mọ́ ìyá mi lọ́rùn. Ẹ̀rín ló ń rín títí a fi wọ ọkọ̀ gbákà tó ń kó èrò.

Mo ti lé lógójì ọdún báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo fìbínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó le, mo sì fi oṣù mẹ́ta yẹra fún àdúgbò rẹ̀ bí ẹni jalè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ, mo dúpẹ́ iṣẹ́ tó kọ́ mi. Ẹnu yà á. Bí mo ṣe jáde, ara mi fúyẹ́, mo gba àárín títì lọ, mi ò yẹra fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn rò pé bí a bá ti kó ẹrù jáde, òmìnira ti dé. Ìyá mi mọ̀ pé ó ṣì ku ìrìn kan.