Àlejò Tí Mo Fi Iyọ̀ Ṣe Lálejò

Bàbá náà tẹ̀ ba, ó gbé imú sún mọ́ ẹnu àpótí gíláàsì, ó fa èémí sínú. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo ń yọjú wò wọ́n.

"Kò rùn," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ti gbé páànù ìkólẹ̀ dání. "Kí lo tún ń gbóòórùn? Ó ti kú. Jẹ́ n dà á nù."

"Ẹ̀gbọ́n, bó bá ti kú, gbogbo àdúgbò ì bá ti di imú. Ẹ gbé páànù yín sílẹ̀."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ní Iléṣà, níbi tí àwọn òbí mi ti háyà yàrá méjì nílé bàbá yìí, àwọn tó fojú rí òkun rí kò pọ̀. Èbúté Èkó ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Nígbà tó padà wálé, ó gbé àpótí gíláàsì kan dání, àti kẹ́ẹ̀gì omi òkun, àti òkúta kan. Ohun ẹlẹ́mìí kan wà lórí òkúta náà. Ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkúta bí ìgbín, orí rẹ̀ kún fún ọwọ́ wẹ́wẹ́ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi. Òdòdó lo máa pè é, àfi ìgbà tí o bá ju edé sí i, tí ọwọ́ wọ̀nyẹn bá ká edé náà wọlé. Àwọn òyìnbó ń pè é ní anẹ́mónì. "Àlejò mi" ni bàbá ń pè é.

Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ àlejò ni mo ń lọ. Yàrá yẹn a máa rùn bí iyọ̀ àti òkúta tútù. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi a máa kùn bí oyin. Bí wọ́n bá mú iná lọ, èmi àti bàbá a mú igbá, a ó máa bu omi, a ó máa dà á padà látòkè, ṣọ̀ọ̀rọ̀, ṣọ̀ọ̀rọ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ tó bá ní ọṣẹ kò gbọdọ̀ kan omi yẹn láéláé.

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà ọyẹ́, bàbá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Òṣogbo fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó fi ìlà tó fi ọ̀dà kùn sára gíláàsì hàn mí. "Omi á máa fà. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà yìí, bu omi òjò tí mo pamọ́ sínú àmù kún un. Ó parí."

Omi òjò lásán! Àánú bàbá ṣe mí. Mo ní ọjọ́ ogbó ti dé, ó ti gbàgbé iyọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé bí a bá bu omi sí ọbẹ̀, a ó tún fi iyọ̀ sí i? Ni mo bá ń bu iyọ̀ inú agolo Yèyé, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, mo ń pò ó mọ́ omi òjò. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, àlejò ti kó gbogbo ọwọ́ rẹ̀ wọlé, ó sún kì bí ìgbín tí wọ́n wọ́n iyọ̀ sí lára.

Ọjọ́ yẹn náà ni bàbá dé, tó tẹ̀ ba tó ń gbóòórùn rẹ̀. Mo jáde lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. "Bàbá, èmi ni. Mo fi iyọ̀ sí i. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni."

"Háà!" Yèyé pariwo. "Iyọ̀ mi tí mo ní eku ń kó!"

Bàbá kò gbọ́wọ́ sókè. Ó jókòó. "Ọbẹ̀ tó ń gbẹ lórí iná, ṣé iyọ̀ rẹ̀ ń dín kù ni?"

"Rárá, sà. Ó ń mú sí i."

"Kí lo máa fi kún un?"

"Omi." Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó gbọ́ ohun tí mo wí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́.

Mo sáré mú igbá, mo fẹ́ da gbogbo omi náà nù. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ọjọ́ mẹ́ta lo fi bà á jẹ́, o fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan tún un ṣe? Bí omi bá yí padà lójijì, ìyẹn gan-an ló máa pa á. Bu ife méjì jáde, fi omi òjò ife méjì rọ́pò. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ìwọ ni wàá ṣe é."

Ọjọ́ mẹ́rin ni oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu mi. Láràárọ̀ ni Yèyé ń bi mí pé, "Òkú àlejò ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo ti wọ aṣọ ilé ìwé, mo yọjú wò ó. Ọwọ́ kan ti yọ, ó tín-ín-rín bí òwú. Òmíràn tẹ̀ lé e. N kò lè pariwo, ẹkún ni mo bú sí. Nígbà tí mo fi dé lọ́sàn-án, ó ti tẹ́ gbogbo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ju edé sí i, ó gbà á! Yèyé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ jó.

Bàbá kàn ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo tún ń lọ sí Òṣogbo. Ìwọ náà ló ń ṣọ́ ọ."

Mo ti di aránṣọ ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo, báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gé léèsì oníléèsì kúrú, jìnnìjìnnì bò ó. Àwọn aládùúgbò ní kí n lé e lọ. Mo fà á jókòó, mo fi ibi tó ti lè rán aṣọ mìíràn mọ́ ọn kó lè gùn tó hàn án, mo sì gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ padà. Nígbà tí oníléèsì wọ aṣọ náà, tó ń yí níwájú dígí, tó ń rẹ́rìn-ín, ojú ọmọ yẹn ni mò ń wò. Mo rí èjìká rẹ̀ tó wálẹ̀. Mo mọ bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́ tó.